Ṣé Ó Yẹ Kí Ẹgbẹ́ NFL Tètè Yan Wide Receiver? Bí Ẹ Ṣe Lè Ṣírò Rẹ̀

Lọ́dọọdún, bí oṣù kẹrin bá ti ń súnmọ́, àríyànjiyàn kan náà ló máa ń gbóná láàárín àwọn olólùfẹ́ bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà: ṣé kí ẹgbẹ́ wa fi àǹfààní àkọ́kọ́ tó ní nínú draft (ètò tí àwọn ẹgbẹ́ fi ń yan agbábọ́ọ̀lù tuntun láti yunifásítì) mú wide receiver, ìyẹn rìsífà, ẹni tó ń sáré lọ gba bọ́ọ̀lù tí wọ́n jù, àbí kó kọ́kọ́ wá ẹni tí yóò dáàbò bo quarterback, ẹni tó ń ju bọ́ọ̀lù? Ohun tó ń mú ọ̀pọ̀ èèyàn ṣìnà ni pé wọ́n ń jiyàn lórí bóyá rìsífà ṣe pàtàkì. Ta ló ní kò ṣe pàtàkì? Ohun tó yẹ ká bi ara wa ni pé, bí a bá fo rìsífà yìí báyìí, irú rìsífà wo ni yóò ṣẹ́ kù nígbà tí yóò bá tún kàn wá? Bí a bá sì mú un, irú ẹni wo ni yóò ṣẹ́ kù fún wa ní àwọn ipò yòókù? Ẹ fi ìdáhùn méjèèjì wé ara wọn, ìpinnu yín ti jáde nìyẹn.

Fún ẹni tí ètò náà kò tíì yé: ẹgbẹ́ 32 ló wà nínú NFL, líìgì bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà, ìpele 7 sì ni draft ní. Ẹgbẹ́ tó ṣe burúkú jù ní sáà tó kọjá ló ń kọ́kọ́ yàn, ẹni tó gba Super Bowl, ife-ẹ̀yẹ líìgì náà, ló ń yàn kẹ́yìn. Nọ́ńbà ni a ń pe ipò tí yíyàn kọ̀ọ̀kan wà. Bí a bá sọ pé "tètè" níbí, ìpele kìíní là ń sọ, pàápàá nọ́ńbà 1 sí 20.

Rìsífà náà kì í ṣe oríṣi kan. Nínú agbábọ́ọ̀lù 11 tó ń kọlu, ó kéré tán 7 gbọ́dọ̀ dúró lórí ìlà tí bọ́ọ̀lù wà. Rìsífà tí wọ́n ń pè ní X wà lára àwọn 7 yìí. Kò lè sún sẹ́yìn, nítorí náà cornerback, ẹni tó ń ṣọ́ rìsífà fún ẹgbẹ́ kejì, lè wá dúró sí i lójú gan-an kó sì fọwọ́ dí i bí eré bá ṣe bẹ̀rẹ̀. Z máa ń dúró ní ìṣísẹ̀ kan sẹ́yìn ìlà, ó sì lè máa rìn kí bọ́ọ̀lù tó kúrò nílẹ̀, èyí tó ń jẹ́ kó rí àyè sá. Ẹni tó wà ní slot ń dúró sí inú, nítòsí àwọn sìgbọnlẹ̀ tó ń dí ọ̀nà. Ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ ló ń kó rìsífà mẹ́ta wọlé ní ohun tó ju ìdajì eré wọn lọ. Ìdí nìyí tí "a ti ní rìsífà kan tẹ́lẹ̀" kò fi ṣeé gbà gẹ́gẹ́ bí àwíjàre. Èwo lẹ ní? Èwo ni kò sí?

Owó ló kọ́kọ́

Láti ọdún 2011 ni NFL ti fi gbèdéke sí owó àwọn ọmọ tuntun. Nọ́ńbà tí wọ́n fi yan èèyàn ló ń sọ iye tí yóò gbà, kì í ṣe ipò tó ń gbá. Arizona Cardinals fi nọ́ńbà 4 yan Marvin Harrison Jr. ní 2024, owó rẹ̀ sì jẹ́ nǹkan bíi mílíọ̀nù 35.4 dọ́là fún ọdún mẹ́rin, kò tó mílíọ̀nù 9 lọ́dún. Ká ní guard, ọ̀kan lára àwọn tó ń dí ọ̀nà ní ìlà iwájú, ni wọ́n fi nọ́ńbà náà yàn, iye yẹn náà ni yóò gbà.

Àmọ́ ẹ wá wo ọjà àwọn ògbólógbòó. Ní oṣù kẹfà 2024, Justin Jefferson fọwọ́ sí ìwé ọdún mẹ́rin pẹ̀lú Minnesota Vikings, mílíọ̀nù 140 dọ́là, ìyẹn mílíọ̀nù 35 lọ́dún. Ní oṣù kẹta 2025, Ja'Marr Chase gba mílíọ̀nù 161 fún ọdún mẹ́rin lọ́wọ́ Cincinnati Bengals. Ìyẹn lé ní mílíọ̀nù 40 lọ́dún, bẹ́ẹ̀ mílíọ̀nù 279.2 ni gbèdéke owó tí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan lè ná lórí gbogbo agbábọ́ọ̀lù rẹ̀ lọ́dún náà. Ní ti running back, ẹni tó ń gbé bọ́ọ̀lù sáré, Saquon Barkley tó wà lókè téńté ní 2025 kò gbà ju nǹkan bíi mílíọ̀nù 20.6 lọ́dún lọ.

Bí ẹ ṣe máa ṣírò rẹ̀ rèé. Ẹ mú iye tí ògbólógbòó tó dáa ní ipò náà ń gbà lọ́dún, kí ẹ yọ iye tí ọmọ tuntun yóò gbà ní nọ́ńbà yín. Bí rìsífà tó dáa bá ń gba 30, tí ọmọ tuntun yóò gba 9, mílíọ̀nù 21 lẹ fi pamọ́ lọ́dún kan bí ọmọ náà bá dáa. Bí ògbólógbòó ipò mìíràn bá ń gba 20, mílíọ̀nù 11 péré ni. Ní kúkúrú, bí rìsífà bá yege, èrè rẹ̀ ń ga ju ti ọ̀pọ̀ ipò lọ. Quarterback, tackle (ẹni tó ń dáàbò bo quarterback ní etí ìlà iwájú) àti ẹni tó ń lé quarterback wà lára àwọn tó ń bá a du ipò yìí. Àwọn tó ń sọ pé "rìsífà kì í ṣe ipò tí wọ́n ń fi nọ́ńbà ńlá yàn" ń sọ ohun tí owó ọjà kò tì lẹ́yìn mọ́.

Èrè yìí kì í pẹ́ lọ bí wọ́n ṣe rò o. Àdéhùn ọmọ tuntun jẹ́ ọdún mẹ́rin. Ẹni tí wọ́n yàn ní ìpele kìíní nìkan ni ẹgbẹ́ ní ẹ̀tọ́ láti fi ọdún karùn-ún kún tirẹ̀, ìbẹ̀rẹ̀ oṣù karùn-ún lẹ́yìn sáà kẹta sì ni ìpinnu náà gbọ́dọ̀ ti wáyé. Ọdún karùn-ún kì í ṣe ẹ̀dínwó gidi: ti Jefferson lé ní mílíọ̀nù 19. Bí sáà kẹta bá sì ti parí, òfin gbà kí agbábọ́ọ̀lù béèrè àdéhùn tuntun, kò sì sí rìsífà tó mọ iṣẹ́ tí kì í béèrè. Nítorí náà, ẹ ka ọdún mẹ́ta péré sí ọdún pọ́ọ́kú. Ẹgbẹ́ tí kò ní quarterback, tí ìlà iwájú rẹ̀ sì ń jò, tó wá fi nọ́ńbà 4 mú rìsífà, yóò ná ọdún pọ́ọ́kú wọ̀nyẹn tán kó tó di ẹgbẹ́ tó lè jáwé olúborí.

Ẹ ka àwọn tó wà lórí tábìlì

Ẹ mú ìwé, ẹ kọ orúkọ àwọn rìsífà tó wà nínú draft náà láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ẹ fa ìlà sábẹ́ ibi tí ẹ bá ti rí i pé ẹni tó kàn kò tó ẹni tó ṣáájú mọ́. Láàárín ìlà kan sí èkejì, ẹnikẹ́ni tó bá bọ́ sí yín lọ́wọ́ á tẹ́ yín lọ́rùn. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ fún tackle, fún cornerback, fún àwọn tó ń lé quarterback. Lẹ́yìn náà, ẹ sàmì sí ibi tí nọ́ńbà yín wà, ti ìpele kìíní àti ti ìpele kejì.

Bí ọjà tòmátì ló rí: bó bá kún ọjà, ẹni tó dúró di ìrọ̀lẹ́ ló ń rà á pọ́ọ́kú, bó bá wọ́n, èyí tó ti jẹrà ni ẹni tó pẹ́ dé á bá.

Draft 2024 fi èyí hàn kedere. Rìsífà mẹ́ta ló lọ ní nọ́ńbà 4, 6 àti 9: Harrison, Malik Nabers àti Rome Odunze. Lẹ́yìn Odunze, kò sí ẹgbẹ́ kankan tó fọwọ́ kan rìsífà títí di nọ́ńbà 23. Àlàfo yẹn ni ìlà tí à ń sọ. New York Jets wà ní nọ́ńbà 11, wọ́n yan tackle, Olu Fashanu (orúkọ tí ẹ̀yin tó ń ka èyí kò nílò ògbufọ̀ fún). Bí gbogbo ẹgbẹ́ ṣe to àkọsílẹ̀ wọn lọ́jọ́ náà, rìsífà tó kàn kò yẹ ní nọ́ńbà 11, nígbà tí tackle ṣì wà nílẹ̀ tó yẹ ẹ́.

Ẹ má sì jẹ́ kí ìlà náà gun yín lórí ju bó ti yẹ lọ. Brian Thomas Jr., ẹni nọ́ńbà 23 yẹn, gba 1,282 yáàdì (ìwọ̀n ọ̀nà tí ẹgbẹ́ fi gbé bọ́ọ̀lù síwájú nípasẹ̀ rẹ̀) ní sáà àkọ́kọ́ rẹ̀ ní Jacksonville. Ladd McConkey tó jẹ́ nọ́ńbà 34, ìpele kejì, gba 1,149. Harrison gba 885, Odunze 734. Nabers nìkan ló bá wọn ẹgbẹ́ nínú àwọn mẹ́ta ìṣáájú, ó gba 1,204. Ìlà tí ẹ fà jẹ́ àbá, ó sì dára ju ariwo lọ, àmọ́ ó máa ń ṣì.

Ẹ so wọ́n ní méjì-méjì: Bengals àti Lions ní 2021

Aṣiṣe tó pọ̀ jù ni kí èèyàn fi rìsífà kan wé tackle kan ní nọ́ńbà kan ṣoṣo. Ẹgbẹ́ kì í yan ẹnì kan lọ sílé. Méjì-méjì ni kí ẹ fi wé ara wọn: rìsífà báyìí pẹ̀lú tackle ní ìpele kejì, lòdì sí tackle báyìí pẹ̀lú rìsífà ní ìpele kejì.

Ní 2021, Bengals wà ní nọ́ńbà 5. Orúnkún Joe Burrow, quarterback wọn, ti já ní oṣù kọkànlá 2020. Penei Sewell, tackle tí gbogbo ayé ń pariwo rẹ̀, wà nílẹ̀. Ja'Marr Chase náà wà nílẹ̀, ẹni tó ti bá Burrow gbá ní yunifásítì LSU ní 2019, tó gba 1,780 yáàdì àti touchdown (gbígbé bọ́ọ̀lù dé òpin pápá) 20 ní sáà tí wọ́n gba ife orílẹ̀-èdè. Bengals mú Chase. Ní ìpele kejì, wọ́n fi nọ́ńbà 38 ṣe pàṣípààrọ̀, wọ́n sún sẹ́yìn sí 46, wọ́n sì mú Jackson Carman láti fi tún ìlà iwájú ṣe.

Apá kìíní ìṣirò náà yọrí sí rere gan-an. Chase gba bọ́ọ̀lù 81, yáàdì 1,455, touchdown 13. Ẹgbẹ́ tó borí lẹ́ẹ̀mẹrin péré ní 2020 borí lẹ́ẹ̀mẹwàá ní 2021, ó sì dé Super Bowl. Apá kejì kò yọrí. Carman kò di ẹni tó ń dí ihò náà. Wọ́n gbé Burrow ṣánlẹ̀ ní ìgbà 51 ní sáà yẹn kí ìdíje àṣekágbá tó bẹ̀rẹ̀. Titans gbé e ṣánlẹ̀ ní ìgbà 9 nínú ìfigagbága kan ṣoṣo, tí Bengals sì tún borí. Rams gbé e ṣánlẹ̀ ní ìgbà 7 nínú Super Bowl, wọ́n sì na Bengals ní 23 sí 20.

Detroit Lions wà ní nọ́ńbà 7 lọ́dún yẹn kan náà. Wọ́n mú Sewell. Rìsífà tí wọ́n wá rí nígbẹ̀yìn ni Amon-Ra St. Brown, nọ́ńbà 112, ìpele kẹrin, ó sì gba bọ́ọ̀lù 90 ní sáà àkọ́kọ́. Àwọn méjèèjì di òpó ẹgbẹ́ náà.

Ọ̀pọ̀ ló ka ẹ̀kọ́ tí kò tọ̀nà nínú èyí: "Ẹ ò rí i? Ìpele kẹrin lẹ ti lè rí rìsífà." Rìsífà 16 ni wọ́n yàn ṣáájú St. Brown. Lions fúnra wọn fò ó ní ìgbà mẹ́rin: nígbà tí wọ́n yan nọ́ńbà 7, 41, 72 àti 101. Ká ní wọ́n mọ ohun tó jẹ́ ni, wọn ò ní jẹ́ kó dé 112. Bẹ́ẹ̀ náà ni Puka Nacua, nọ́ńbà 177 ní 2023, tó gba bọ́ọ̀lù 105 àti yáàdì 1,486 ní sáà àkọ́kọ́ rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni Stefon Diggs, nọ́ńbà 146 ní 2015. Oríire ni, kò sí ẹni tó lè kọ ọ́ sínú ètò. Ibi tí ẹ lè gbọ́kàn lé ni ìpele kejì: Davante Adams jẹ́ nọ́ńbà 53, Michael Thomas 47, Deebo Samuel 36, A.J. Brown 51, DK Metcalf 64, Tee Higgins 33. Ìyẹn pọ̀ ju kí á pè é ní èèṣì.

Ẹni tó ń jù ú àti àwọn tó ń dí ọ̀nà

Ní 2012, Calvin Johnson gba 1,964 yáàdì fún Lions, kò tíì sí rìsífà tó gba tó bẹ́ẹ̀ ní sáà kan nínú ìtàn NFL títí di ìgbà náà. Lions borí lẹ́ẹ̀mẹrin, wọ́n pàdánù lẹ́ẹ̀mejìlá. Rìsífà kì í ju bọ́ọ̀lù fún ara rẹ̀, kì í sì í dá ẹnikẹ́ni dúró.

Kí ẹ tó gbà pé rìsífà ló kàn, ẹ wo ìṣẹ́jú àáyá. Bọ́ọ̀lù sábà máa ń kúrò lọ́wọ́ quarterback láàárín ìṣẹ́jú àáyá méjì àbọ̀ sí mẹ́ta. Rìsífà tó ń sá lọ jìnnà nílò bíi mẹ́ta kó tó dé ibi tí yóò ti wúlò. Bí ìlà iwájú yín kò bá lè di méjì àbọ̀ mú, rìsífà eléré-jíjìn á kàn máa sáré gba afẹ́fẹ́ ni. Ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ ní láti kọ́kọ́ tún ìlà ṣe, tàbí kó mú irú rìsífà tó ń yà kíá, ní yáàdì 5 sí 12. Bákan náà, bí quarterback yín bá jẹ́ ẹni tí ẹ fẹ́ lé lọ lọ́dún tó ń bọ̀, ẹ ní sùúrù. Ó sì tún ní ọ̀nà kejì: bí quarterback bá jẹ́ ọ̀dọ́ tí ẹ gbà gbọ́, tí ọdún rẹ̀ kejì tàbí ẹ̀kẹta ń bọ̀, ìgbà yẹn gan-an ló yẹ kí ẹ yára fún un ní rìsífà, nítorí owó òun náà ṣì kéré.

Bí a ṣe ń wo fídíò rẹ̀

Kámẹ́rà tẹlifíṣọ̀n ń tẹ̀ lé bọ́ọ̀lù. Nígbà tí rìsífà bá ti sá kọjá yáàdì 10, ó ti jáde kúrò lójú amóhùnmáwòrán. Ẹ wá fídíò tó ń fi agbábọ́ọ̀lù 22 hàn láti òkè. Bí ẹ kò bá rí i, ẹ dúró de àtúnfihàn, kí ẹ má fi ohun tí ẹ kò rí dájọ́.

Ẹ wo ìfigagbága mẹ́rin, ó kéré tán. Kí méjì nínú wọn jẹ́ pẹ̀lú ẹgbẹ́ tó ní cornerback tí òun náà ń lọ sí NFL. Fún gbogbo ìgbà tó bá sáré, ẹ kọ nǹkan mẹ́ta sílẹ̀: ta ló ń ṣọ́ ọ, ṣé ó dá wà, ṣé bọ́ọ̀lù wá sí i. Èyí tó ṣe kókó ni ìkejì. Rìsífà lè dá wà ní ìgbà 30 kí quarterback rẹ̀ máà rí i. Ẹ̀bi rẹ̀ kọ́.

Ìṣísẹ̀ mẹ́ta àkọ́kọ́ ni kí ẹ tẹjú mọ́. Nígbà tí cornerback bá dúró sí i lójú, tó na ọwọ́ sí àyà rẹ̀, kí ló ṣe? Ẹni tó mọ̀ ọ́n á gbé èjìká kan sílẹ̀, á fi ọwọ́ gbá ọwọ́ ẹni yẹn kúrò, ẹsẹ̀ rẹ̀ á sì wà lábẹ́ ara rẹ̀. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n á máa jó lójú kan, á fi ìṣẹ́jú àáyá kan ṣòfò, ìgbà tó bá fi máa bọ́, quarterback ti wo ibòmíràn. Ọ̀pọ̀ rìsífà yunifásítì ni kì í rí irú ìdíwọ́ yìí ju ìgbà díẹ̀ lọ, nítorí akọ́nimọ̀ọ́gbá wọn ń fi wọ́n sí slot tàbí kó máa mú wọn rìn kiri kí eré tó bẹ̀rẹ̀. Bí ẹ bá wo ìfigagbága mẹ́rin tí ẹ kò rí tó ìgbà 15 tí wọ́n dí i lójú-kojú, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ pé ẹ kò tíì mọ̀ bóyá ó lè jẹ́ X, kí ẹ sì sún un sẹ́yìn lórí àkọsílẹ̀ yín.

Lẹ́yìn náà, ibi tó ti yà. Ṣé ó ń dín eré kù ní ìṣísẹ̀ mẹ́rin ṣáájú kó tó yà? Cornerback NFL á ti kà á. Ìbàdí rẹ̀ gbọ́dọ̀ sọ̀ kalẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, kó sì fi ìṣísẹ̀ méjì tàbí mẹ́ta dúró. Ní ti gbígbá bọ́ọ̀lù mú, ẹ wo bóyá ọwọ́ ló fi ń mú un níwájú, tàbí ó ń jẹ́ kó wá gbá òun láyà. Ẹni tó bá ń já bọ́ọ̀lù kan sílẹ̀ nínú mẹ́wàá tó yẹ kó mú, ẹ bi í léèrè ìdí.

Ní ti ìṣirò, méjì ló tó. Àkọ́kọ́: yáàdì tó gbà, ẹ pín in sí iye ìgbà tó sáré nígbà tí wọ́n ju bọ́ọ̀lù. Ẹni tó gba 900 yáàdì nínú ìgbà 400 ní 2.25. Nínú NFL, ẹni tó bá kọjá 2 ti wà lára àwọn tó dáa gan-an. Ní yunifásítì, ó yẹ kó ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ìkejì: ìpín rẹ̀ nínú yáàdì ẹgbẹ́. Ẹni tó gba 1,100 nínú 3,300 mú ìdá mẹ́ta. Ẹ sì wo ọjọ́ orí rẹ̀ nígbà tó ṣe é, nítorí ọmọ ọdún 19 tó ń ṣe èyí láàárín àwọn àgbà sàn ju ọmọ ọdún 23 tó ń fi ìdàgbàsókè lu àwọn ọmọdé. Àmọ́ ìpín yìí máa ń parọ́ bí àwọn rìsífà ẹgbẹ́ náà bá pọ̀. Alabama ní 2019 ní Henry Ruggs, Jerry Jeudy, DeVonta Smith àti Jaylen Waddle lẹ́ẹ̀kan náà, gbogbo wọn ni wọ́n yàn ní ìpele kìíní. Ta ni ìpín rẹ̀ máa tó ìdá mẹ́ta níbẹ̀?

Eré sísá 40 yáàdì, tí wọ́n ń fi ìṣẹ́jú àáyá wọ̀n, ni mo fi sí ìkẹyìn, nítorí òun ló ń ba èèyàn jẹ́ jù. John Ross sá a ní 4.22 ní 2017, Bengals fi nọ́ńbà 9 mú un. Kò gba bọ́ọ̀lù kankan mú ní gbogbo sáà àkọ́kọ́ rẹ̀. Ní draft yẹn kan náà, Cooper Kupp sá a ní 4.62, ó dúró di nọ́ńbà 69. Ní 2021, Kupp gba bọ́ọ̀lù 145 àti 1,947 yáàdì. Eré sísá wúlò bí àwọn ìyókù bá ti pé. Òun nìkan kò tó mú èèyàn wọ ìpele kìíní.

Bí ẹ bá fẹ́ san owó láti gòkè

Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990, Jimmy Johnson lo àtẹ kan ní Dallas Cowboys tó fún nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan ní máàkì: nọ́ńbà 1 jẹ́ 3,000, nọ́ńbà 4 jẹ́ 1,800, nọ́ńbà 6 jẹ́ 1,600, nọ́ńbà 9 jẹ́ 1,350, nọ́ńbà 32 jẹ́ 590. Àwọn ẹgbẹ́ ti ń lo tiwọn báyìí, àmọ́ ó ṣì dára fún ẹni tó fẹ́ mọ̀ bóyá wọ́n rẹ́ ẹgbẹ́ rẹ̀ jẹ.

Ní 2014, Buffalo Bills fẹ́ gòkè láti 9 sí 4 láti mú Sammy Watkins. Àlàfo náà jẹ́ máàkì 450. Wọ́n san nọ́ńbà ìpele kìíní ti ọdún tó tẹ̀ lé e àti ti ìpele kẹrin. Èyí tí wọ́n san yẹn wá di nọ́ńbà 19, tó jẹ́ 875. Kódà bí a bá dín in kù nítorí pé ti ọdún iwájú ni, wọ́n san án kọjá. Watkins kì í ṣe ọ̀lẹ, ó gba 982 yáàdì. Ohun tó dùn wọ́n ni pé Odell Beckham Jr. lọ ní nọ́ńbà 12, ó sì gba 1,305 nínú ìfigagbága 12 péré. Ká ní Bills jókòó jẹ́ẹ́ ní nọ́ńbà 9, Beckham wà níbẹ̀ fún wọn lọ́fẹ̀ẹ́. Draft tí rìsífà pọ̀ nínú rẹ̀ ni 2014, irú ọdún bẹ́ẹ̀ sì ni kì í yẹ kéèyàn gòkè.

Atlanta Falcons san nọ́ńbà márùn-ún láti mú Julio Jones ní nọ́ńbà 6 ní 2011: 27, 59 àti 124 lọ́dún náà, pẹ̀lú ti ìpele kìíní àti ìkẹrin ní 2012. Jones di àgbà ọ̀jẹ̀. Síbẹ̀, ìyàtọ̀ rẹ̀ sí ti Bills ni pé Falcons borí lẹ́ẹ̀mẹ́tàlá ní sáà tó ṣáájú, quarterback wọn sì ti dúró. Ẹgbẹ́ tí ohun kan ṣoṣo kù fún ló lè san irú owó yẹn.

Ihò tí ẹlòmíràn fi sílẹ̀

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń jábọ́ rèé: wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ pàdánù rìsífà ńlá, wọ́n wá fi tipátipá mú ẹni tó jọ ọ́. Ní 2022, Tennessee Titans ta A.J. Brown fún Philadelphia Eagles ní alẹ́ draft gan-an, wọ́n gba nọ́ńbà 18 àti 101, wọ́n sì fi 18 mú Treylon Burks lójú ẹsẹ̀. Brown gba 1,496 yáàdì ní sáà náà, Burks 444. Eagles fúnra wọn ti jẹ irú iyán bẹ́ẹ̀ rí: ní 2020, wọ́n fi nọ́ńbà 21 mú Jalen Reagor, Vikings sì fi 22 mú Justin Jefferson. Reagor gba 396 ní sáà àkọ́kọ́, Jefferson 1,400.

Àmọ́ ohun tí kò jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà rọrùn ni pé ihò ni Vikings náà ń dí. Wọ́n ti ta Stefon Diggs fún Bills, nọ́ńbà 22 yẹn sì wà lára ohun tí wọ́n gbà. Ìyàtọ̀ ni pé oṣù kẹta ni wọ́n ta Diggs. Wọ́n ní àyè láti to àkọsílẹ̀ wọn, kí wọ́n sì dúró de ẹni tó bọ́ sí wọn lọ́wọ́. Bí ẹ bá máa ta rìsífà, ẹ tà á kí ìgbà tó ká yín mọ́.

Nígbà tó bá kan yín

Nọ́ńbà 1 sí 10: ẹ mú rìsífà bó bá jẹ́ òun nìkan ló wà lókè ìlà yín, tí ẹ ti rí i tó borí ìdíwọ́ ojú-kojú, tí ẹ sì mọ ẹni tí yóò máa ju bọ́ọ̀lù fún un fún ọdún mẹ́ta. Bí ọ̀kan nínú mẹ́ta yìí bá yẹ̀, tackle tàbí ẹni tó ń lé quarterback ló kàn.

Nọ́ńbà 11 sí 20 ló léwu jù, nítorí ibẹ̀ ni àwọn ẹgbẹ́ ti ń sáré mú ẹni tó gbẹ̀yìn nínú ìsọ̀rí kan kó tó lọ. Bí rìsífà mẹ́ta bá ṣì wà tí ẹ ò lè yà wọ́n sọ́tọ̀, ẹ sún sẹ́yìn, ẹ gba nọ́ńbà ìpele kẹta kún un, ọ̀kan nínú wọn á ṣì dúró.

Nọ́ńbà 21 sí 32 ni mo fẹ́ràn jù fún rìsífà. Owó rẹ̀ ti wálẹ̀, ẹ̀tọ́ ọdún karùn-ún sì wà níbẹ̀. Bí ẹ bá wà ní 30 tí ẹ sì tún ní 38, ẹ mú rìsífà ní 30 kí ẹ wá ẹlòmíràn ní 38, nítorí ẹni tí ẹ mú ní 38 kò ní ọdún karùn-ún. Fún rìsífà tí iye rẹ̀ ń gòkè lọ́dọọdún, ọdún kan yẹn tó nǹkan.

Lẹ́yìn tí ẹ bá ti mú un, ẹ sàmì sí ìparí sáà rẹ̀ kẹta nínú kàlẹ́ńdà. Ẹ mú rìsífà mìíràn ní ìpele kejì tàbí ìkẹta kí ìgbà yẹn tó dé, kó lè ti mọ ìwé eré kí ìdúnàádúrà tó bẹ̀rẹ̀. Ní 2022, Kansas City Chiefs ta Tyreek Hill fún Miami Dolphins, wọ́n gba nọ́ńbà márùn-ún. Wọ́n lo lára wọn láti gòkè lọ mú cornerback, Trent McDuffie, ní nọ́ńbà 21. Rìsífà tí wọ́n kọ́kọ́ mú ní ìpele kejì lọ́dún yẹn, Skyy Moore, kò dáa bí wọ́n ṣe rò; èyí tí wọ́n mú ní ìpele kejì ọdún kejì, Rashee Rice, dáa. Super Bowl méjì ni wọ́n gbà ní sáà méjì tó tẹ̀ lé títà Hill.